Òfin àti tiọ́lọ́jì pọ̀ nínú dìgírì kan: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó fọwọ́ sí i?

Àkọ́ṣe_Òfin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Òfin ni mo fẹ́ kà, tiọ́lọ́jì náà ni mo fẹ́ kà, n kò sì fẹ́ fi ọ̀kan sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Mo ti wo yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà àti ní Ọsirélíà. Gbogbo wọn ló ń so méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pè é kò bára mu. Mo fẹ́ kí n lè ṣe iṣẹ́ lọ́yà, kí ìjọ náà sì lè gbà mí sí iṣẹ́ ìránṣẹ́ bí àkókò bá tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé ẹ̀rí kan ni wọ́n ń fúnni ni àbí méjì? Ṣé àwọn tó ń fúnni láṣẹ láti ṣe lọ́yà máa ka irú dìgírì bẹ́ẹ̀ sí? Gíríìkì àti Hébérù ńkọ́, ọdún wo ló yẹ kí wọ́n bọ́ sí? Báwo sì ni èèyàn ṣe ń ka ìwé méjèèjì tí ọ̀kan kò fi ní pa èkejì lára?

Akọ̀wé_Kọ́ọ̀tù

Ẹ káàbọ̀. Orúkọ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ tú wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Oríṣi mẹ́ta ló wà.

Àkọ́kọ́ ni dìgírì méjì tí wọ́n so pọ̀, bíi LLB/BTheol ti Ọsirélíà (LLB ni dìgírì àkọ́kọ́ nínú òfin, BTheol ni ti tiọ́lọ́jì). Ìwé ẹ̀rí méjì ló ń jáde níbẹ̀. Bí èèyàn bá kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó tó ọdún méje. Bí wọ́n bá so wọ́n pọ̀, ó máa ń tó ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Kọ́ọ̀sì àṣàyàn ni wọ́n gé kí ọdún tó dín: tiọ́lọ́jì gba àyè àṣàyàn nínú òfin, òfin gba àyè àṣàyàn nínú tiọ́lọ́jì. Kọ́ọ̀sì dandan kò dín rárá. Ẹ̀ka 11 ni ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà ní Ọsirélíà gbọ́dọ̀ kà, Priestley 11 ni wọ́n ń pè é: òfin ìwà ọ̀daràn, tọ́ọ̀tì (òfin ìpalára tí ẹnìkan ṣe fún ẹlòmíràn), àdéhùn, ohun ìní, ẹ́kúítì pẹ̀lú tírọ́ọ̀sì (òfin àìṣègbè àti ti dúkìá tí a fi sí ìkáwọ́ ẹlòmíràn), òfin ilé iṣẹ́, òfin ìṣàkóso, òfin ìpìlẹ̀ ìjọba, ìlànà ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, ẹ̀rí, àti ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, bí ọkàn yín bá wà lára òfin owó orí tàbí òfin ìdílé, ẹ ka iye àyè àṣàyàn tó ṣẹ́kù kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì péré.

Ìkejì ni dìgírì kan ṣoṣo tó ní orúkọ méjì. Ìwé ẹ̀rí kan ni, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Ìlànà tí wọ́n ti ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé nínú kírẹ́díìtì 360 tí dìgírì ọdún mẹ́ta ní, 240 gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òfin, kí 180 nínú 240 náà sì jẹ́ ti ìpìlẹ̀ méje: àdéhùn, tọ́ọ̀tì, ìwà ọ̀daràn, òfin ilẹ̀, òfin ìjọba, ẹ́kúítì pẹ̀lú tírọ́ọ̀sì, àti òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Dìgírì tí wọ́n bá pín sí 180 òfin àti 180 tiọ́lọ́jì kò dé ìwọ̀n yẹn, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dùn tó.

Ìkẹta ni dìgírì méjì ti àwọn tó ti gboyè tẹ́lẹ̀, JD (dìgírì òfin) pẹ̀lú MDiv (dìgírì tiọ́lọ́jì fún iṣẹ́ ìránṣẹ́) tàbí MTS (dìgírì tiọ́lọ́jì fún ìwádìí). Ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ á sọ̀rọ̀ lé e.

Kí ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò kì í wo orúkọ tó wà lójú ìwé ẹ̀rí. Àkọsílẹ̀ èsì ni wọ́n ń wò, kọ́ọ̀sì lẹ́yìn kọ́ọ̀sì. Ìjọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó máa gba àpapọ̀ yẹn lódidi. Kálukú máa wá tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Lórí èdè: ẹ má fi Gíríìkì sí ọdún kìíní o. Ọdún kìíní ni àdéhùn, tọ́ọ̀tì àti òfin ìjọba máa ń já lu ara wọn. Ẹ fi èdè sí ọdún kẹta, nígbà tí ẹ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ẹjọ́.

Gíríìkì_Lójoojúmọ́

Ẹ má bínú mà, n kò fara mọ́ èyí. Ọdún kẹta ti pẹ́ jù. Kọ́ọ̀sì ìtúpalẹ̀ Májẹ̀mú Tuntun ń béèrè Gíríìkì kìíní àti ìkejì kí wọ́n tó gbani wọlé. Bí Gíríìkì bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kẹta, ìtúpalẹ̀ lè bọ́ sí ọdún karùn-ún. Ẹ̀ka tiọ́lọ́jì sì sábà máa ń kéré: kọ́ọ̀sì gíga kan lè má wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì. Ẹ bá pàdánù ọdún kan, ó di ọdún méjì, ìgbà yẹn ẹ ti fẹ́ jáde.

Ohun tó ń pa akẹ́kọ̀ọ́ òfin nínú Gíríìkì kì í ṣe pé ó le. Bí wọ́n ṣe ń kà á ni. Òfin gbà kí èèyàn jókòó ní Sátidé, kó ka ẹjọ́ mẹ́ta tán. Èdè kò gba bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀, dára ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ kan lọ, torí pé ohun tí a kò fojú kàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ. Ẹ pín ìṣẹ́jú náà báyìí: 10 fún ọ̀rọ̀ (káàdì tuntun márùn-ún, yòókù àtúnyẹ̀wò), 10 fún àtẹ ìyípadà ọ̀rọ̀ ìṣe, 10 fún ẹsẹ Bíbélì kan tí ẹ máa kà sókè.

Ẹ kọ́kọ́ lépa àwọn ọ̀rọ̀ tó fara hàn nígbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú Májẹ̀mú Tuntun. Díẹ̀ ló fi ju 300 lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn nìkan kó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé náà. Ní márùn-ún lójúmọ́, ó tó nǹkan bí oṣù méjì àti ààbọ̀ kí ẹ kárí wọn.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń já sílẹ̀ ni pátísípù, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìṣe tí a ń lò bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Ó sábà máa ń dé lápá ìparí sáà, ọ̀sẹ̀ kan náà tí àròkọ òfin àkọ́kọ́ ń pé. Ẹ ka orí náà ṣáájú kíláàsì, kí ọ̀sẹ̀ yẹn lè jẹ́ àtúnyẹ̀wò fún yín.

Àǹfààní kan wà tí àwa tó gbọ́ Yorùbá ní tí a kì í lò. Bí iṣẹ́ ṣe rí, bóyá ó ń lọ lọ́wọ́ tàbí ó ti parí, ni ọ̀rọ̀ ìṣe Gíríìkì ń ṣọ́ kí ó tó ṣọ́ ìgbà tí a ṣe é. Èdè wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Ó kọ ọ́", "ó ń kọ ọ́", "ó ti kọ ọ́": ẹ so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ oríṣi ọ̀rọ̀ ìṣe Gíríìkì tí wọ́n ń pè ní aorist, imperfect àti perfect, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ó kàn jẹ́ pé Gíríìkì ṣì máa fi àmì ìgbà tó ti kọjá lé imperfect. Nígbà tí Jésù wí ní Mátíù 4:4 pé *gegraptai*, "a ti kọ ọ́" ni: iṣẹ́ náà ti parí, àbájáde rẹ̀ ṣì dúró. "Ti" yẹn gbé e ju ìwé gírámà mìíràn lọ.

Ìmọ̀ràn mi ni kí Gíríìkì kìíní jẹ́ kọ́ọ̀sì ìsinmi tí wọ́n ń kà ní kíákíá ṣáájú ọdún kìíní tàbí ṣáájú ìkejì, kí ìkejì tẹ̀ lé e lọ́gán. Ẹ má jẹ́ kí sáà kan ṣófo láàárín wọn. Hébérù lè dúró di ọdún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́tà 22 ló ní, láti ọwọ́ ọ̀tún la sì ti ń kà á. Ojú nìkan ló máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kọ́ ọ.

Ìyá_Ìbejì

Mo gbà lórí kọ́ọ̀sì ìsinmi. Ọ̀rọ̀ kan ni kí n fi kún un: bó bá jẹ́ kọ́lẹ́jì mìíràn ni ẹ ti fẹ́ ṣe é, ẹ gba ìwé pé kírẹ́díìtì rẹ̀ á wọlé *kí* ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá ṣe é tán kí ẹ tó béèrè, wọ́n lè ní kí ẹ tún un ṣe. Ẹ sì tún béèrè bóyá máàkì rẹ̀ máa wọ inú àròpọ̀ èsì yín tàbí "yege" lásán ni wọ́n máa kọ.

Ìwé_Méjì

Kí n mú ti Amẹ́ríkà.

Àkọ́ṣe_Òfin, ṣé ẹ ti ní dìgírì àkọ́kọ́? JD kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí girama. Dìgírì mìíràn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín, ìdánwò ìwọlé LSAT sì wà. Àwọn iléèwé òfin kan ń gba ìdánwò GRE dípò rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní dìgírì kankan, ẹ yọ Amẹ́ríkà kúrò fún ìsinsìnyí.

JD jẹ́ ọdún mẹ́ta, MDiv ọdún mẹ́ta. Bí wọ́n bá pọ̀, ọdún márùn-ún ni ó sábà máa ń jẹ́. JD pẹ̀lú MTS sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin. Emory, Duke, Yale àti Vanderbilt wà lára àwọn tó ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ìwé ìwọlé méjì lẹ máa kọ, ọ̀kan sí iléèwé òfin, ọ̀kan sí ti tiọ́lọ́jì. Èyí tó gbà yín kò so èkejì lọ́wọ́.

Ohun tó ń bàjẹ́ jù ni ètò ọdún. Ọdún kìíní òfin dá dúró. Wọn kì í jẹ́ kí ẹ pò ó mọ́ nǹkan mìíràn. Kírẹ́díìtì tí ẹ bá sì ti kó kí ẹ tó wọlé sí JD kì í wọ inú JD. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ọdún kan ka tiọ́lọ́jì kó tó kọjá sí òfin kò gbọdọ̀ rò pé kọ́ọ̀sì ọdún yẹn máa ràn án lọ́wọ́ níhà òfin. Ẹ jẹ́ kí kọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ kí ìhà méjèèjì kà jẹ́ èyí tí ẹ ṣe lẹ́yìn tí orúkọ yín ti wà lọ́dọ̀ òfin. Kírẹ́díìtì 83 ni ó kéré jù tí ABA (ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà) gbà fún JD, 72 sì ni ti MDiv lọ́dọ̀ ATS (ẹgbẹ́ tó ń fọwọ́ sí iléèwé tiọ́lọ́jì). Ẹ ro wọ́n pọ̀, ó jẹ́ 155. Iye tí ètò yín bá gbà kí ẹ lò fún méjèèjì lẹ máa yọ nínú rẹ̀.

Ẹ tún béèrè ìgbà tí wọ́n máa fún yín ní JD. Àwọn ètò kan kì í fúnni ní ọ̀kan títí méjèèjì á fi parí, ìyẹn sì lè sún ìdánwò báà yín (ìdánwò ìwé àṣẹ lọ́yà) síwájú.

Akọ̀wé_Kọ́ọ̀tù, ọ̀rọ̀ 240 yẹn ti di ti àná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. SQE, ìdánwò tuntun fún ìwé àṣẹ, ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án 2021, dìgírì èyíkéyìí ló sì gbà.

Akọ̀wé_Kọ́ọ̀tù

Ìdajì rẹ̀ lẹ sọ, ọ̀rẹ́ mi. SQE jẹ́ ti sọlísítọ̀, lọ́yà tó ń gba oníbàárà nímọ̀ràn tó sì ń ṣètò ìwé wọn. Dìgírì èyíkéyìí wọlé lóòótọ́, lẹ́yìn náà SQE1 tó ní ìwé méjì, ìbéèrè 180 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, SQE2, àti ọdún méjì ìrírí lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ di bárísítà, lọ́yà tó ń rojọ́ ní kóòtù, ṣì gbọ́dọ̀ ní ìpìlẹ̀ méje náà, yálà nínú dìgírì rẹ̀ tàbí nínú kọ́ọ̀sì ìyípadà lẹ́yìn rẹ̀. Àkókò sì ń lọ lórí rẹ̀: ọdún márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń fúnni láàárín ìparí ẹ̀kọ́ òfin àti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ báà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà kọjá kó tó padà sí báà kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn.

Fún sọlísítọ̀ pàápàá, SQE1 ń béèrè òfin ilẹ̀, tírọ́ọ̀sì, títa àti ríra ilé, àti ìṣirò owó oníbàárà. Ẹni tí dìgírì rẹ̀ kò kárí òfin ilẹ̀ máa kọ́ ọ láti A.

Ilé_Àlùfáà

Ẹ jẹ́ kí n mú ìhà ìjọ, torí gbogbo wa ti ń sọ ti lọ́yà.

Dìgírì kì í sọ ẹnikẹ́ni di àlùfáà tàbí pásítọ̀. Ìjọ ló ń yan èèyàn, ó sì ní àkójọ tirẹ̀. BTheol máa ń kárí Májẹ̀mú méjèèjì, ìtàn ìjọ àti ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n ó lè má ní iṣẹ́ ìmójútó nínú ìjọ, ìwàásù, àti ètò ìsìn. MDiv ló máa ń ní wọn. MTS kì í ní wọn. Ti ìwádìí ni, bó ti wù kó sún mọ́ MDiv lórúkọ. Ẹni tó bá mú JD/MTS nítorí pé ọdún kan dín nínú rẹ̀, tó sì fẹ́ di pásítọ̀, lè padà wá san ọdún yẹn. Lórí èdè, ìjọ Presbyterian ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní PC(USA) ń béèrè Gíríìkì àti Hébérù lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba oyè. Ọ̀pọ̀ ìjọ mìíràn kò béèrè. Ẹ gba àkójọ ìjọ yín lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń yan òjíṣẹ́ ní ọdún kìíní. Ọdún kẹrin ti pẹ́.

Ẹ kíyè sí orúkọ náà: tiọ́lọ́jì àti ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹ̀sìn kì í ṣe ọ̀kan náà. Tiọ́lọ́jì ń ronú láti inú ìgbàgbọ́ kan. Èkejì ń wo ẹ̀sìn láti ìta, bí onímọ̀ ìtàn tàbí onímọ̀ àwùjọ. Àwọn yunifásítì kan so méjèèjì pọ̀ sábẹ́ ẹ̀ka kan, ẹ sì lè ka ọdún mẹ́ta níbẹ̀ láìkan kọ́ọ̀sì kan tí ìjọ yín máa kà sí.

Àwọn tó jẹ́ Kátólíìkì tún máa ń rò pé òfin pẹ̀lú tiọ́lọ́jì sọ wọ́n di onímọ̀ òfin ìjọ. Rárá. Òfin ìjọ ní dìgírì tirẹ̀: JCB (ìpele kìíní), JCL (ìkejì), JCD (ìkẹta). Láti 2002, JCL jẹ́ sáà mẹ́fà, ìyẹn ọdún mẹ́ta, Látìn sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní òfin ìjọba nìkan máa kọ́kọ́ ṣe ọdún méjì ti ìpele kìíní. Ẹni tó ti parí ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti tiọ́lọ́jì pátápátá ló lè wọlé tààrà sí ìpele kejì. Ibẹ̀ ni tiọ́lọ́jì yín ti lè gba ọdún méjì là fún yín, bí ó bá kún tó. Kánónì 1435 (abala kan nínú ìwé òfin ìjọ Kátólíìkì) gba ọmọ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà láyè láti jẹ́ olùgbèjà ìdè ìgbéyàwó, ẹni tó ń gbèjà ìgbéyàwó ní kóòtù ìjọ, ṣùgbọ́n JCL tàbí JCD ló ń béèrè. Kánónì 285 ìpínrọ̀ 3 sì kà á léèwọ̀ fún àlùfáà láti gba ipò ìjọba tó ní agbára ìṣàkóso nínú. Ẹni tó ń ronú àti di adájọ́ ìjọba àti àlùfáà Kátólíìkì pọ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Alífáà

Mo kí gbogbo yín. Kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí tó ń kà á. Ní tiwa, ìmọ̀ òfin àti ìmọ̀ ẹ̀sìn kò tíì pínyà báyẹn. Fíkì ni òfin, ó sì wà nínú ẹ̀sìn fúnra rẹ̀. Ohun tó sún mọ́ tiọ́lọ́jì gan-an ni ìmọ̀ kálámù (àlàyé ìgbàgbọ́) àti táwhíìdì (jíjẹ́-ọ̀kan Ọlọ́run), èyí tí kọ́ọ̀sì Ṣàríà kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn lé. Bí ẹ bá fẹ́ òfin ìjọba àti Ṣàríà pọ̀, Al-Azhar ní Káírò ní ẹ̀ka tó ń jẹ́ Ṣàríà àti Òfin, Yunifásítì Ìsìláàmù ti Àgbáyé ní Malaysia náà sì ní LLB tó ní Ṣàríà. Èdè Lárúbáwá ni Gíríìkì tiwa. Láìsí i, ẹ ò ní lè ka ìwé *usul al-fiqh* fúnra yín, bí a ṣe ń fa òfin yọ láti inú Kùránì, Súnnà, ìjímáà (ìfohùnṣọ̀kan àwọn onímọ̀) àti kíyáàsì (ìfiwéra) á sì kàn jẹ́ ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Amòfin_Inú_Bíbélì

Ìbéèrè kẹrin ni mo fẹ́ dáhùn, torí òun ló ń mú máàkì lọ jù. Òfin àti tiọ́lọ́jì ń ka ọ̀rọ̀ tó ní àṣẹ, wọn kì í sì kà á bákan náà. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀kan sójú.

Ẹjọ́ Donoghue v Stevenson, 1932. Obìnrin kan mu ohun mímu jínjà ní Paisley, ní Skọ́tílándì, ní 1928. Ìgò náà ṣú, ojú kò rí inú rẹ̀. Ó ní òkú ìgbín tó ti jẹrà jáde látinú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sanwó, nítorí náà kò sí àdéhùn láàárín òun àti ẹni tó tà á. Adájọ́ mẹ́ta sí méjì ló dá a láre pé ẹni tó ṣe ohun mímu jẹ ẹ́ ní ojúṣe ìṣọ́ra. Lord Atkin, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, gbé ìdáhùn rẹ̀ lé ìbéèrè inú Lúùkù 10:29: ta ni ọmọnìkejì mi?

Nínú àròkọ òfin, ẹ máa sọ kókó ìdájọ́ ní tóóró: ojúṣe ẹni tó ṣe ọjà sí ẹni tó máa lò ó, níbi tí kò ti sí àyè àyẹ̀wò láàárín wọn. Ẹ máa ya ìyẹn sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ọmọnìkejì tó fẹ̀ jù ú lọ. Ẹ má sì kọ ọ́ pé "ìgbín wà nínú ìgò". Wọn kò fi ẹ̀rí múlẹ̀ rí. Ohun tí ilé ẹjọ́ dá ni pé, *bí* ó bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀tọ́ wà. Ọ̀pọ̀ ń pàdánù máàkì níbẹ̀.

Nínú àròkọ tiọ́lọ́jì, ẹ padà sí Lúùkù, sí àkàwé ará Samáríà rere. Bíbélì Yorùbá pe ẹni tó béèrè ní "amòfin". Ẹ ṣọ́ra. Lóde òní, Amòfin jẹ́ orúkọ oyè lọ́yà, ṣùgbọ́n *nomikos* inú Lúùkù jẹ́ onímọ̀ òfin Mósè, olùtumọ̀ Tórà. Kì í gbèjà ẹnikẹ́ni ní kóòtù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹsẹ 36. Ọkùnrin náà béèrè ẹni tó yẹ kí òun ràn lọ́wọ́. Jésù yí ìbéèrè padà, ó bi í pé ta nínú àwọn mẹ́ta náà ló *di* ọmọnìkejì. Atkin mú ìbéèrè kan náà, ó sì sọ gbangba pé ìdáhùn òfin sí i ní ààlà. Òfin gbọ́dọ̀ ní ààlà, kí ẹni tó ń ṣọjà lè mọ ibi tí gbèsè rẹ̀ parí sí. Àkàwé náà ń fọ́ ààlà. Ẹ̀kọ́ tó dùn jù nínú dìgírì yìí wà níbẹ̀ yẹn, láàárín méjèèjì, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pò wọ́n pọ̀ tí kò fi rí i.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn kan ń wàásù nínú ìbéèrè òfin: wọ́n tọ́ka sí ẹsẹ Bíbélì bí ẹni pé ó de adájọ́. Òfin tó wà nílẹ̀ àti ẹjọ́ tí wọ́n ti dá ni kí ẹ lò: kókó ọ̀rọ̀, òfin, bí ó ṣe bá ọ̀rọ̀ náà mu, ìparí. Àwọn mìíràn ń ka Bíbélì bí abala òfin: wọ́n já ẹsẹ kan kúrò, wọ́n fi dá ẹjọ́, láìbéèrè ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, irú ìwé tó jẹ́, àti ohun tó ṣáájú rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Ohun kékeré tó ń jẹ máàkì: ìtọ́kasí. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo ìlànà ìtọ́kasí OSCOLA, tiọ́lọ́jì ń lo SBL tàbí Chicago. Ẹ ya fódà méjì nínú Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìtọ́kasí, kí ẹ sì yan ìlànà fún ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Bíbélì: ìwé, orí, ẹsẹ, kì í ṣe ojú ìwé. Òfin ìjọ: nọ́ńbà kánónì àti ìpínrọ̀, kì í ṣe ojú ìwé.

Ilé_Àlùfáà

Bẹ́ẹ̀ ni mà. Kí wọ́n sì wo ọdún ẹ̀dà náà. Ìwé òfin ìjọ 1983 ní kánónì 1752, ṣùgbọ́n wọ́n tún apá kẹfà rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2021. Ìjìyà àlùfáà tó bá tú àṣírí ìjẹ́wọ́ jẹ́ kánónì 1388 tẹ́lẹ̀, 1386 ni báyìí. Ìwé àlàyé àtijọ́ kún ilé ìkàwé, nọ́ńbà àtijọ́ sì ni wọ́n ń kọ.

Ìwé_Méjì

Ẹ dárúkọ ìjẹ́wọ́, ó rán mi létí ohun tí ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì kò gbọdọ̀ fojú fò. Àṣírí oníbàárà jẹ́ ti oníbàárà. Òun fúnra rẹ̀ lè yọ̀ǹda kí lọ́yà sọ ọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ràn òfin ló wá gbà. Bí èèyàn bá jókòó síwájú yín tó ní "Pásítọ̀, mo ní ọ̀rọ̀ kan", tí ọ̀rọ̀ náà wá yí sí ilé tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kóòtù lè béèrè lọ́la pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀, pásítọ̀ ni àbí lọ́yà? Ẹ dá a dúró kó tó jìnnà, ẹ sọ fún un irú ipò tí ẹ fi ń gbọ́ ọ, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá fẹ́ lọ́yà, kó fọwọ́ sí ìwé kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka kọ́ọ̀sì ẹ̀rí àti ti ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú èyí lọ́kàn.

Ó tún kù: bí wọ́n bá mú yín fún jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ nínú àròkọ tiọ́lọ́jì, ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò máa béèrè nípa rẹ̀. Wọn kì í béèrè ẹ̀ka tó ti ṣẹlẹ̀; wọ́n ń béèrè bóyá ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fi pamọ́ ló ń bá wàhálà tó pọ̀ jù lọ pàdé.

Àkọ́ṣe_Òfin

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. N kò tíì ní dìgírì kankan, nítorí náà mo ti yọ Amẹ́ríkà kúrò. Ó ku LLB/BTheol ti Ọsirélíà àti èyí tó jẹ́ ìwé ẹ̀rí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n pín sí 180 sí 180. Kí ni kí n kọ sí wọn gan-an?

Akọ̀wé_Kọ́ọ̀tù

Ẹ kọ lẹ́tà kan náà sí ọ́fíìsì òfin àti ti tiọ́lọ́jì, kí ẹ fi orúkọ àwọn méjèèjì sí i kí wọ́n lè rí ìdáhùn ara wọn. Àwọn ìbéèrè rẹ̀ nìyí:

Kọ́ọ̀sì wo, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ló kárí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí ìwé àṣẹ lọ́yà ń béèrè? Ẹ̀ka wo nínú méjèèjì ló máa jẹ́ ẹ̀ka mi gan-an, ta ló sì máa yanjú rẹ̀ bí ìdánwò méjì bá bọ́ sí wákàtí kan náà? Bí mo bá fi tiọ́lọ́jì sílẹ̀ lọ́dún kẹta, ṣé LLB ṣì máa jáde, kọ́ọ̀sì mélòó ló sì máa kù? Gíríìkì ìkejì ńkọ́, ṣé ọdọọdún ni, wọ́n ha lè fagi lé e bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá pọ̀? Ṣé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣírò ìpele èsì dìgírì méjèèjì?

Fún ti 180 sí 180, ẹ fi èyí kún un: ìpìlẹ̀ wo nínú méje ni kò sí níbẹ̀? Bí ó bá jẹ́ òfin ilẹ̀ àti tírọ́ọ̀sì ló kù, ọdún kan kọ́ọ̀sì ìyípadà ń dúró dè yín bí ẹ bá fẹ́ báà. Fún ẹni tó ti mọ̀ pé lọ́yà ni òun fẹ́ ṣe, ti Ọsirélíà ló dá mi lójú jù nínú méjèèjì, bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ ti fẹ́ gbàṣẹ.

Gíríìkì_Lójoojúmọ́

Kí wọ́n dáhùn nínú lẹ́tà o, kì í ṣe lórí fóònù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ti ọdún tí ẹ wọlé. Ìlànà ọdún ìwọlé ló sábà máa ń de akẹ́kọ̀ọ́ títí tó fi jáde, ìkànnì yunifásítì sì máa ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Kí Gíríìkì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà 24 rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kékeré rẹ̀ ṣáájú ńlá.

Àkọ́ṣe_Òfin

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà náà. Mo máa gbé ìdáhùn wọn síbí bó bá ti dé.